Irin Tí Ilẹ̀ Àkókó Ń Yọ Jáde: Láti Oko Ògbàgì Dé Ọ̀wọ̀

Ọpọ́n ike kan ni bàbá olóko gbé síwájú wa lábẹ́ igi òsè, létí oko iṣu rẹ̀ ní Ògbàgì-Àkókó. Irin ló kún inú rẹ̀ dé ẹnu. Òmíràn ti pọ́n, òmíràn dúdú, òmíràn sì ti hu èérí tútù lára. Ọ̀kan jọ ẹyẹ tí kò ní ẹsẹ̀. Ọ̀kan jọ ẹ̀gbà ọwọ́. Òkúta dúdú mélòó kan wà láàrin wọn tó wúwo ju bí wọ́n ti tóbi lọ, ihò wẹ́wẹ́ sì kún ara wọn.

"Ilẹ̀ yìí ló ń yọ wọ́n jáde," ni bàbá wí. "Bí a bá ti ń kọ ebè, ọkọ́ á kàn dún gbàn-ín. Bàbá tó bí mi náà rí wọn. Ìdí igi yìí la máa ń kó wọn sí. Kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tí wọ́n jẹ́."

Ohun tó gbé wa dé oko náà nìyẹn. Irin àtijọ́ pọ̀ nínú ilẹ̀ Àkókó ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ, bẹ́ẹ̀ ni lójoojúmọ́ ni wọ́n ń tà á ní kílò kílò fún àwọn tó ń ra kòǹdẹ́mù. A fẹ́ fi ojú ara wa rí bí ènìyàn ṣe lè mọ irin tí kò mọ̀, kí ó tó di pé iná yọ́ ọ.

Ògbàgì wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá-Ìwọ̀-Oòrùn Àkókó, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Béèyàn bá dúró létí oko yìí, àpáta ni yóò máa rí níhìn-ín lọ́hùn-ún, bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Àkókó. Àwọn àpáta wọ̀nyí ló gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun Ìbàdàn ń jà wọlé láti ìwọ̀ oòrùn, tí àwọn Tápà sì ń kó ènìyàn lẹ́rú láti àríwá. Orí òkè ni ọ̀pọ̀ ìlú sá lọ. Oṣù kìíní ọdún 1897 ni Bídà ṣubú, tí apá àwọn Tápà rọ, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ahoro fi pọ̀ ní àdúgbò yìí: ibi tí ilé wà rí, tí àgbẹ̀dẹ wà rí, tí ojúbọ wà rí, ti di oko iṣu àti oko kòkó lónìí. Ohun tó já bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó sá, ohun tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ àti ohun tí wọ́n gbàgbé, inú ilẹ̀ ló wà.

Ẹni tó mú wa wá jẹ́ ọmọ Ògbàgì. Ó kẹ́kọ̀ọ́ akiọ́lọ́jì, ìyẹn ìmọ̀ bí a ṣe ń wú ohun àtijọ́ jáde nínú ilẹ̀, ní Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw ti dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní 1970. Mo rò pé yóò ki ọwọ́ bọ inú ọpọ́n náà lójú ẹsẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó wo inú rẹ̀, ó wá yíjú sí bàbá.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́ sà, èwo lẹ rí níbo?"

"Ọmọ mi, inú oko ni mo ti rí gbogbo wọn."

"Oko tóbi, Bàbá. Tí kò bá ni yín lára, ẹ jẹ́ ká rìn ín."

Bàbá mú igi tí ó fi ń tilẹ̀, ó ṣáájú. Ó ya wá lẹ́nu bí ó ti rántí tó. Òkúta dúdú oníhò wọ̀nyẹn, ìhà tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ lọ sí odò ni wọ́n pọ̀ sí. Nígbà tí a dé ibẹ̀, a rí i pé wọ́n ṣì wà nílẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, àárín ebè kún fún wọn. Ẹ̀gbà ọwọ́ yẹn, ibi tí àfọ́kù ìkòkò pọ̀ sí ni ó ti rí i. Owó oníhò kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀bá ọ̀nà oko ni ọmọ rẹ̀ ti ṣà á. Ẹyẹ irin yẹn ńkọ́? Bàbá dúró. Ó nawọ́ sí ibi tí pérégún bíi mélòó kan ti hù papọ̀ láàrin oko, tí kò sẹ́ni tó gbìn wọ́n sójú ayé rẹ̀.

Olùtọ́nisọ́nà wa kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ó ya fọ́tò ibi kọ̀ọ̀kan, ó sì jẹ́ kí fóònù rẹ̀ gba ojú ibi tí a dúró sí gan-an sílẹ̀. Ó ní kí n tó wo irin kankan, kí n mọ̀ pé ibi tí irin ti jáde ni ìdajì ìtàn rẹ̀. Pérégún kì í déédéé hù ní àárín oko. Ojúbọ àti ààlà ni àwọn baba wa ń gbìn ín sí. Ẹyẹ tí ó bá jáde nídìí pérégún ti sọ nǹkan kan fún wa kí a tó fọwọ́ kàn án. Bí ẹyẹ yẹn kan náà bá wà nínú àpò oníkòǹdẹ́mù, kò ní ohun tí yóò lè sọ mọ́.

Ibi tí a ti ń rìn ni a ti bá àwọn ihò. Ihò tuntun ni, orúnkún ló jìn dé, wọ́n tó mẹ́wàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta. Àwọn ọ̀dọ́ kan ló gbé ẹ̀rọ tí ń wá irin nínú ilẹ̀ wá, bàbá sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ náà á ké, wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n á mú ohun tó bá ń ké, wọ́n á fi ìyókù sílẹ̀. Wúrà ni wọ́n ń wá. Ọ̀kan nínú wọn wà nítòsí, bàbá sì ránṣẹ́ pè é. Ó fi ìbẹ̀rù dọ̀bálẹ̀. A kò bá a jà. Olùtọ́nisọ́nà wa kàn mú un lọ sídìí ihò kan, ó ní kí ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Àbúrò, wo ìlà dúdú tó wà níbẹ̀ yẹn. Èédú ni. Ẹnìkan dáná níbí. Òkè rẹ̀, ilẹ̀ pupa. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, àfọ́kù ìkòkò. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ló pẹ́ jù. Tí o bá ti gbẹ́ ẹ pọ̀ báyìí, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ ti dàpọ̀. Kò sí ẹni tó tún lè sọ èyí tó ṣáájú."

"Ẹ̀gbọ́n, a ò mọ̀. Ẹ̀rọ yẹn ò kúkú sọ bẹ́ẹ̀."

Òótọ́ ni. Ẹ̀rọ náà mọ irin, kò mọ ìtàn. Òfin Nàìjíríà pàápàá kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Òfin tó dá àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí sílẹ̀ ní 1979 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbẹ́ ilẹ̀ wá ohun àtijọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Ẹni tí ó bá ṣèèṣì rí i, bí olóko yìí, kò ṣẹ̀. Ojúṣe tirẹ̀ ni kí ó fi tó ìjọba létí láàrin ọjọ́ 7.

Nígbà tí a padà sábẹ́ igi òsè, a tẹ́ àpò sílẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n. Òfin àkọ́kọ́ ni pé a kò fọ nǹkan kan. A kò fi ọ̀bẹ há a, a kò fi ọṣẹ bó o, a kò da ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Èérí ara irin àtijọ́ lè gbé ojú aṣọ, hóró ọkà tàbí ẹ̀rún èédú mọ́ra, ó sì máa ń dáàbò bo irin tó ṣẹ́ kù nísàlẹ̀. Ẹni tó bá há a, ó ti ha ẹ̀rí dànù.

Lẹ́yìn náà ni ó mú òòfà jáde, ti inú gbohùngbohùn àlòkù tí àwọn ọmọdé máa ń fi ṣeré. Ohun tí òòfà bá gbé, irin ni. Ohun tí kò bá gbé, a ó wo àwọ̀ èérí rẹ̀: bí ó bá tutù bí ewé, bàbà tàbí idẹ ni, bí ó bá funfun ràndànràndàn tó sì wúwo gan-an, òjé ni. Ọ̀nà yìí kò ná ènìyàn ní owó kankan, ó sì pín ọpọ́n náà sí mẹ́ta lójú wa.

Òkúta dúdú oníhò ló kọ́kọ́ gbé sókè. Òòfà fà á díẹ̀, ó tún jáwọ́. "Ìdàrọ́ nìyí," ni ó wí. Ìdàrọ́ ni ìdọ̀tí tó máa ń yọ́ kúrò lára òkúta irin nínú iléru. Mo bi í léèrè bí ó ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ti àgbẹ̀dẹ lásán. Ó fi ojú ara rẹ̀ hàn mí: ó ṣàn, ó wé mọ́ra wọn ní ìlà ìlà, ó sì dì bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá ṣàn báyìí, inú iléru ńlá ló ti wá, níbi tí wọ́n ti ń yọ irin látinú òkúta. Èyí tó bá rí roboto bí ìsàlẹ̀ àwo, ìdí iná alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ọkọ́ àti àdá ló sábà máa ń wà. Ó tún fi àfọ́kù amọ̀ kan hàn wá tó lẹ̀ mọ́ ọ̀kan nínú wọn. Amọ̀ náà ní ihò láàrin. Ẹnu ẹwìrì ni, òpó amọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú iná.

Èyí fi hàn pé àwọn baba ńlá àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò gbẹ́kẹ̀ lé irin tí wọ́n ń rà nìkan. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń yọ ọ́ látinú òkúta. Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ìdàrọ́ kì í ṣàn bí iná kò bá gbóná tó nǹkan bí 1,200 lórí ìwọ̀n Celsius. Irin tìkára rẹ̀ kì í yọ́ di omi àfi tí ó bá dé 1,538, iléru amọ̀ kì í sì í dé ibẹ̀. Nítorí náà, wọ́n á jẹ́ kí ìdọ̀tí ṣàn lọ, kí irin kù sílẹ̀ ní ìṣù, wọ́n á wá máa fi owú lù ú títí yóò fi mọ́. Ní 1904, òyìnbó kan tó ń jẹ́ C. V. Bellamy tẹ ìròyìn jáde nípa abúlé Ola-Igbi, lágbègbè Ọ̀yọ́, tó jẹ́ pé iṣẹ́ yíyọ irin ni gbogbo abúlé náà ń ṣe. Lẹ́yìn ìgbà náà, irin olówó pọ́ọ́kú láti ilẹ̀ Yúróòpù pa àwọn iléru wa kú. Ohun tó kù ní ọ̀pọ̀ ibi ni ìdàrọ́ tó wà nílẹ̀ yìí. Kò sí ẹni tí yóò rà á, kò sì dán. Síbẹ̀ òun ni ó níye lórí jù nínú ọpọ́n náà, nítorí èédú máa ń há sínú rẹ̀, èédú sì ni àwọn onímọ̀ fi ń ka ọjọ́ orí.

Owó oníhò ló tẹ̀lé e. Àwọn àgbà ṣì ń rántí orúkọ wọn: ànínì, ẹ̀pìnnì, kọ́bọ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló ń gbé wọn jáde ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ìràwọ̀ olórí mẹ́fà sì wà lẹ́yìn wọn. Ti bàbá yìí jẹ́ kọ́bọ̀. A tẹ ìmọ́lẹ̀ fóònù sí i ní ẹ̀gbẹ́, lẹ́tà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde: Edward kẹjọ, 1936, lẹ́tà H sì wà nísàlẹ̀ ọdún náà. Ọba tí a kò dé ládé rárá ni Edward kẹjọ. Kí ọdún náà tó parí ló ti kúrò lórí oyè. Síbẹ̀ owó rẹ̀ dé Àkókó. Lẹ́tà H jẹ́ àmì ilé iṣẹ́ Heaton tó ń rọ owó ní ìlú Birmingham. Ìwúlò owó yìí fún ẹni tó ń wá ìtàn ni pé ilẹ̀ tí ó bá bá a ní ìdí kan, tí ẹnikẹ́ni kò tíì dà rú, kò lè ṣáájú 1936. Ohun kékeré tí a ti kọ ọdún sí lára ni a fi ń mọ ọdún ohun tí a kò kọ nǹkan kan sí.

Ìdérí idẹ kékeré kan wà pẹ̀lú, tí àwọn ọ̀dọ́ náà ti ń pè ní ọta ogun Kírìjì. Ogun Kírìjì jà láti 1877 títí dé 1893, wọ́n sì lo ìbọn òyìnbó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a yí i padà, nọ́ńbà 12 ló wà ní ìdí rẹ̀. Ìdí ọta ìbọn ọdẹ ni, irú èyí tí àwọn ọdẹ ṣì ń yìn lónìí. Pépà ara rẹ̀ ló ti jẹrà. Inú ọ̀dọ́kùnrin náà bàjẹ́ díẹ̀. Mo rò pé ẹ̀kọ́ tó dára nìyẹn: ìfẹ́ inú wa kì í sọ ohun kan di àtijọ́. Àmì ara rẹ̀ ló ń sọ ọ́.

Òòfà kò gbé ẹ̀gbà ọwọ́ náà, èérí rẹ̀ sì tutù. Ẹnu rẹ̀ kò pàdé. Ohun tí ó wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn nígbà tí wọ́n bá rí irú rẹ̀ ni mànílà, owó idẹ tí àwọn Pọtogí kó wá sí etíkun wa láti ọ̀rúndún karùndínlógún. Olùtọ́nisọ́nà wa ní kí n fi ìka kan inú rẹ̀. Inú rẹ̀ dán, ó ti jẹ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọnà fínfín. Ẹnìkan ti wọ̀ ọ́ fún ọdún púpọ̀. Mànílà kì í rí bẹ́ẹ̀: orí rẹ̀ méjèèjì máa ń fẹ̀ jáde, kì í ní ọnà, inú rẹ̀ kì í sì í jẹ, nítorí ọwọ́ sí ọwọ́ ló ń lọ. Owó ẹyọ ni Yorùbá ń ná. Àwọn ará Niger Delta àti apá ìlà oòrùn ló ń fi mànílà ra ọjà. Ẹ̀gbà ènìyàn kan ni èyí, bóyá ti ìyàwó ilé, bóyá ti olórìṣà. A dá a padà sínú aṣọ mímọ́ tí ìyá olóko mú wá.

A kò gbé nǹkan kan kúrò ní Ògbàgì. Fọ́tò la gbé, pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun kọ̀ọ̀kan kí ẹni tó bá ń wò ó lè mọ bí ó ti tóbi tó. Bàbá ní òun yóò kọ́kọ́ fi tó àwọn àgbà ìdílé òun àti ààfin létí, pàápàá nítorí ẹyẹ yẹn. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bá nídìí ojúbọ, ó lè ní ìdílé tó ni ín títí dòní.

Ní Ìkàrẹ́, a yà sí ibi tí wọ́n ti ń ra kòǹdẹ́mù. Òkè irin ni: páànù, ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà, ìdí ìkòkò alumíníọ̀mù, wáyà. Ọkùnrin tó ni ibẹ̀ gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ní idẹ àti bàbà ni òun ń yà sọ́tọ̀, nítorí wọ́n lówó lórí ju irin lọ. Ó da àpò wọn sílẹ̀ fún wa. Ẹnu ẹ̀rọ omi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Nísàlẹ̀, mànílà kan wà, ojúlówó, orí rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ bí ó ti yẹ.

"Níbo lẹ ti rà á?" ni mo bi í.

"Ọmọ kan ló gbé e wá pẹ̀lú irin mìíràn. N ò mọ ibi tó ti rí i."

Ibẹ̀ ni ìtàn rẹ̀ parí sí. Ìbá ṣe pé a mọ̀ bóyá inú àgbẹ̀dẹ ni ó wà, níbi tí wọ́n ti fẹ́ yọ́ ọ fi dá nǹkan mìíràn, tàbí inú ilé oníṣòwò kan, ìbá ti jẹ́ ẹ̀rí òwò láàrin Àkókó àti etíkun. Nísinsìnyí, ìwọ̀n rẹ̀ nìkan ló ní. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe irú èyí rí, lọ́nà tó ju èyí lọ: láàrin 1948 àti 1949 ni wọ́n gba mànílà kúrò lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ní ìlà oòrùn Nàìjíríà, èyí tó lé ní mílíọ̀nù 32, wọ́n sì tà wọ́n gẹ́gẹ́ bí irin àlòkù. Ìlú Birmingham kan náà tó ń rọ kọ́bọ̀ fún wa wà lára àwọn ìlú tó ti rọ mànílà tẹ́lẹ̀.

Ẹ wo ohun tí mànílà lè sọ nígbà tí a bá mọ ibi tí ó wà. Ní 2023, Tobias Skowronek láti Jámánì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí mànílà 67, tí púpọ̀ nínú wọn wá látinú ọkọ̀ tó rì sínú òkun. Wọ́n mọ ọkọ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, wọ́n sì mọ ìgbà tí ọkọ̀ náà rì. Nígbà tí wọ́n yẹ òjé inú idẹ wọn wò, wọ́n rí i pé agbègbè Rhineland ní Jámánì ni idẹ àwọn mànílà àkọ́kọ́ ti wá, idẹ yìí kan náà sì ni àwọn oníṣẹ́ Ìgun ní Ìbínì yọ́ fi dá àwọn ère tí gbogbo ayé mọ̀. Ìsàlẹ̀ òkun ló ṣàlàyé ààfin Ìbínì. Àwọn ère Ìbínì fúnra wọn kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀: nígbà tí ogun Gẹ̀ẹ́sì kó wọn lọ ní 1897, kò sí ẹni tó kọ sílẹ̀ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró sí nínú ààfin, nǹkan tó sọnù níbẹ̀ kò sì lè padà pẹ̀lú àwọn ère tí wọ́n ń dá padà báyìí.

A gba Akùngbá kọjá, a yà sí Ọ̀kà, sí ilé alágbẹ̀dẹ kan tí ìdílé rẹ̀ ti ń rọ irin láti ìran dé ìran. Iná wà nílẹ̀, ọmọ rẹ̀ ń fún un ní afẹ́fẹ́. A fi fọ́tò hàn án. Ọkọ́ tó ti jẹ tán tí a rí ní Ògbàgì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ó ní kí a wo bí etí ọkọ́ náà ṣe ká mọ́ra wọn tó fi di ihò tí wọ́n ń ki igi bọ̀: ibi tí ó ká sí kò dọ́gba, ojú owú sì hàn níbẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ló rọ ọ́. Ti ilé iṣẹ́ máa ń dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì máa ń ní àmì, bí àmì ọ̀nì tó wà lára àdá Martindale tó máa ń ti Birmingham wá tẹ́lẹ̀, tí àwọn àgbẹ̀ wa mọ̀ dáadáa. Nǹkan tí wọ́n yọ́ dà tún yàtọ̀: ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, níbi tí ẹnu ohun tí wọ́n dà á sí ti pàdé.

Nígbà tí ó kan ẹyẹ, ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì gba fóònù náà mọ́ ọwọ́.

"Ọ̀pá Ọ̀sanyìn nìyí, ọ̀kan nínú àwọn ẹyẹ rẹ̀. Ẹ wo ìdí rẹ̀, ibi tó ti kán kúrò lára ọ̀pá. Àwọn ẹyẹ kékeré máa ń yí ẹyẹ àgbà ká lókè. Bàbá mi rọ irú rẹ̀ rí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà á o."

Alágbẹ̀dẹ yìí kò lọ sí yunifásítì, ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ bá ohun tí pérégún ti sọ mu. Nígbà tí ìmọ̀ méjì bá ti ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá, tí wọ́n sì pàdé lójú kan, ó dá mi lójú pé a ti mọ ohun náà. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń kọ́ akiọ́lọ́jì máa jókòó ní àgbẹ̀dẹ bẹ́ẹ̀ kí àwọn alágbẹ̀dẹ tó mọ iṣẹ́ yìí tó tán.

Ọ̀wọ̀ ni a parí ìrìn náà sí. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà níbẹ̀, 1968 ni wọ́n dá a sílẹ̀ láti tọ́jú àwọn ohun àtijọ́ tó wà nínú ààfin Ọlọ́wọ̀, ó sì ní ohun púpọ̀ láti ìlà oòrùn ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀wọ̀ yẹ ní ibi tí à ń ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí iṣẹ́ tí Ekpo Eyo ṣe ní Igbó'Làjà ní 1971. Ère amọ̀ ló wú jáde níbẹ̀. Ó wú wọn ní ìpele ìpele, ó kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, ó sì rí èédú tó fi mọ̀ pé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún karùndínlógún ni wọ́n. Nítorí ìyẹn ni gbogbo ayé fi gbà lónìí pé Ọ̀wọ̀ ní iṣẹ́ ọnà ńlá tirẹ̀, láàrin Ifẹ̀ àti Ìbínì.

Ìtàn mìíràn fi ìyàtọ̀ hàn. Ní 1938, Isaiah Anozie ń gbẹ́ kòtò omi nílé rẹ̀ ní Igbo-Ukwu, ó sì bá idẹ pàdé. Kò mọ ohun tó jẹ́. Àwọn aládùúgbò gba lára rẹ̀. Nígbà tí Thurstan Shaw dé ibẹ̀ ní 1959, tó sì wú èyí tó kù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó rí ilé ìṣúra àti ibojì ẹni ńlá kan, tí ó ti wà láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹsàn-án, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 165,000. Ọdún 1938 yẹn kan náà ni àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbolé Wúnmọ́níjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ bá àwọn orí idẹ pàdé. Lára wọn kúrò ní Nàìjíríà kí ìjọba tó jí gìrì. Ọ̀kan wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù títí dòní. Kò sí onímọ̀ kankan nínú àwọn tó kọ́kọ́ rí gbogbo nǹkan wọ̀nyí. Àgbẹ̀ ni, bíríkìlà ni, onílé ni. Ohun tí wọ́n ṣe ní wákàtí àkọ́kọ́ ló pinnu ohun tí a mọ̀ nípa ara wa lónìí.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ̀yin bíríkìlà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ní ẹ̀rọ, ní Ògbàgì, Ìrun, Ìkàrẹ́, Ọ̀kà àti gbogbo Àkókó nìyí. Bí ọkọ́ yín bá kan irin tí ẹ kò mọ̀, ẹ dúró. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níbi tí ó wà kí ẹ tó gbé e, kí ẹ fi rúlà tàbí owó kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ ibẹ̀ sílẹ̀, bí ó ti jìn tó, àti ohun tí ẹ bá nítòsí rẹ̀: èédú, ìkòkò, ìdàrọ́, owó. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má há a. Ẹ fi tó àwọn àgbà ìdílé àti ìjọba ìbílẹ̀ létí láàrin ọjọ́ 7, kí wọ́n lè kàn sí àjọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹ má tà á: òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni ra ohun àtijọ́ àyàfi àjọ náà àti àwọn tó fún láṣẹ. Ẹ̀yin tó ń ra kòǹdẹ́mù, bí idẹ tó ní ọnà bá wọ inú àpò yín, ẹ bi ẹni tó gbé e wá ní ibi tó ti rí i, kí ẹ sì pe ẹni tó mọ̀ kí ẹ tó gbé e lọ síbi iná.

Owó tí irin kílò kan yóò mú wá kò tó ra oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí ó mọ̀ nípa àwọn tó ṣáájú wa, bí ó bá ti yọ́, kò sí ọjà tí a ti lè rà á padà.